Toyota ló ṣe Sienna, Toyota náà ló ṣe Hiace, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò papọ̀

Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí tẹ́ ẹ fi ń jẹ́ ká rí nǹkan kà lédè wa. Mẹkáníìkì ni mí níbí ní Òṣogbo, mọ́tò Toyota ni mo sì ń ṣe jù. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni ìbéèrè kan táwọn èèyàn ò yéé bi mí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ra mọ́tò tí àwọn máa gbé fún dírẹ́bà kó máa ná Òṣogbo sí Ìbàdàn tàbí Èkó, ṣé Sienna ni káwọn rà ni àbí Hiace, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Hummer bọ́ọ̀sì. Tí n bá wá ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi kó fún mi, wọ́n á ní ṣebí Toyota ni méjèèjì, kí ló tún kù. Gbólóhùn yẹn gan-an ló ń jẹ́ kówó èèyàn wọgbó, ó sì ń fi ẹ̀mí àwọn tó wọkọ̀ sínú ewu, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn méjèèjì.

Ọdún 1967 ni Toyota ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Hiace, èyí tó sì pọ̀ jù láwọn gáréèjì wa ni irú èyí tó jáde ní 2004. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é fún iṣẹ́, kó kó èrò, kó kó ẹrù. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ, tẹ́ ẹ bá sì wọ abẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lẹ máa bá níbẹ̀, irú èyí tó wà lábẹ́ lọ́rì. Sienna ní tiẹ̀, mọ́tò ilé ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, mọ́dẹ́lì 1998 ló kọ́kọ́ jáde, láti 2003 sì ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú Princeton ní ìpínlẹ̀ Indiana. Eegun Camry ni wọ́n fà gùn tí wọ́n fi kọ́ ọ, títí dé èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní 2020 kí wọ́n tó yí i padà pátápátá. Táyà iwájú ló ń fà á, sípíríǹgì roboto bíi méjì ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá, ìyá, àwọn ọmọ àti báàgì wọn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń yà á sórí bébà, kì í ṣe èrò Old Garage, gáréèjì wa ní Òṣogbo níbí.

Ẹ má gbà á lẹ́nu mi nìkan. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà Sienna, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń pa dé mọ́, ẹ máa rí bébà funfun kan tó ní ìlà yẹ́lò lára, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ó wà lára gbogbo mọ́dẹ́lì láti nǹkan bíi 2006. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn 7 ni gbogbo ẹ̀, 2 níwájú, 5 lẹ́yìn, tàbí 8, ìyẹn 2 níwájú, 6 lẹ́yìn. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ iye kílò tí èèyàn àti ẹrù lápapọ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá, ó máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti Sienna kan sí òmíràn, àmọ́ nǹkan bíi 500 sí 600 kílò ni. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹ̀. Ká ní àgbàlagbà kan jẹ́ 70 kílò, èèyàn mẹ́jọ ti di 560 kílò, a ò sì tíì gbé báàgì kankan sí bọ́ọ̀tù. Kí wá ni wọ́n ń ṣe ní gáréèjì? Mẹ́rin sẹ́yìn pátápátá níbi tí wọ́n ṣe fún mẹ́ta, mẹ́ta sáàárín, méjì sórí ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, pẹ̀lú dírẹ́bà fúnra ẹ̀, èèyàn mẹ́wàá nìyẹn, 700 kílò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ti àpò gàrí mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á fi kẹ́ẹ̀gì epo há ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n á fi èjìká ti bọ́ọ̀tù pa. Àwọn méjì tó wà níwájú yẹn, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló wà fún wọn, báàgì afẹ́fẹ́ tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù sì jẹ́ ti ẹnì kan.

Ìyà ẹ̀ ò ní í hàn lójú ẹsẹ̀, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa rò pé kò sí nǹkan kan. Gíà Sienna, ọ̀tọmátíìkì ni, ọ́ìlì pupa ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, bí ẹrù bá ti pọ̀ jù tẹ́ ẹ sì ń gun àwọn òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yẹn nínú oòrùn, ọ́ìlì yẹn á gbóná kọjá ààlà. Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, tí mo fa irin tí a fi ń wo ọ́ìlì gíà yọ, tí mo fi tíṣù funfun nù ún, á ti dúdú bíi kọfí, á máa rùn bí ohun tó jóná, bẹ́ẹ̀ ni onímọ́tò á máa sọ pé ó kàn ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni tí àwọn bá ti wà lórí eré. Ibi tí gíà ti ń kú nìyẹn. Bírékì náà ń gbọ́ tiẹ̀, bẹ́ríǹ ẹ̀yìn ń gbọ́ tiẹ̀.

Ohun tó tún wá ń bí mi nínú ni àwọn tó máa ń ní kí n gbé ẹ̀yìn Sienna sókè fáwọn. Wọ́n á ní ó ti ń fìdí wọ́lẹ̀, kí n wá sípíríǹgì tó le sí i tàbí kí n ki rọ́bà sí i. Mi ò kì í ṣe é, bí wọ́n bá tiẹ̀ fi owó ìlọ́po méjì lọ̀ mí. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, ojú nìkan lẹ tàn, ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní í rẹlẹ̀ mọ́ lóòótọ́ àmọ́ kílò tó wà nínú ẹ̀ ò dín, bírékì yẹn náà ló ṣì máa dá a dúró, gíà yẹn náà ló ṣì máa fà á, mọ́tò tó wá ga sókè báyìí á tún máa fì tó bá dé kọ́nà.

Ọ̀rọ̀ táyà náà nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Táyà Hiace, ẹ máa rí 195R15C lára ẹ̀, C yẹn ló fi hàn pé táyà iṣẹ́ ni, wọ́n ṣe é fún ẹrù. Sienna àárín 2004 sí 2010, 215/65R16 ló pọ̀ jù lẹ́sẹ̀ ẹ̀, táyà mọ́tò ilé ni. Nọ́ḿbà tó tẹ̀ lé e náà ṣe pàtàkì, tó bá jẹ́ 98, táyà kan lè gbé 750 kílò, tó bá jẹ́ 104, 900 kílò ni. Àwọn kan ti wá gbọ́n, wọ́n á ra táyà tó ní C fún Sienna, wọ́n á ní ó ti di Hiace nìyẹn. Kò dì í o. Táyà le sí i, mọ́tò ò le sí i. Ẹ tún wo nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT tó wà lára táyà, 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, torí tòkúnbọ̀ táyà pọ̀ nígboro tó ń dán lójú tó sì ti gbó nínú.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra Sienna, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ara ń tu èèyàn nínú ẹ̀, ó nímú níwájú, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ó sàn fún dírẹ́bà ju Hiace 2004 yẹn lọ, níbi tó jẹ́ pé eékún dírẹ́bà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Páàtì ẹ̀ pọ̀ nítorí pé ẹ́ńjìnì lítà 3.5 tó wà nínú ẹ̀ láti 2007 sí 2016, òun náà ló wà nínú Camry, Highlander àti Venza, tẹ́ ẹ bá dé Ládípọ̀, ọjà páàtì mọ́tò l'Ékòó, ẹ ò ní í wá a tì. Ó tún yá láti kún. Dírẹ́bà tó bá gbé Sienna dé gáréèjì ní ìdájí, èrò mẹ́fà tàbí méje péré ló ń wá, á ti kọjá Gbọ̀ngán kí Hiace tó rí èrò kẹwàá, lọ́jọ́ tí ọjà bá sì dá, oòrùn á là bá Hiace níbẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí Sienna gba gáréèjì mọ́ àwọn oní-Hiace lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ìṣòro ti jẹ yọ. Ẹ́ńjìnì Sienna yẹn, sílíńdà mẹ́fà, lítà 3.5, ó ń gbé èèyàn méje. Ẹ́ńjìnì Hiace onípẹtiróòlù, sílíńdà mẹ́rin, lítà 2.7, ó ń gbé mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ́ńjìnì tó tóbi jù ló ń gbé èèyàn tó kéré jù! Nígbà tí epo ṣì wà ní owó pọ́ọ́kú, a ò fura, ṣùgbọ́n látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, owó epo orí èèyàn méje ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, ni wọ́n bá fi ìkẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá kún un. Mo mọ̀ pé dírẹ́bà ń bọ́ ọmọ, olówó mọ́tò sì ń retí owó dílífà, ìyẹn owó tí dírẹ́bà ń san fún un lọ́sẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí kó tó ra mọ́tò ò ní í kó sínú ẹ̀.

Hiace náà ní àbùkù. Èyí tó wọ̀lú gẹ́gẹ́ bíi mọ́tò ẹrù, tí wọ́n wá fi irin wẹ́ẹ̀dì ìjókòó sí i níbí, ẹ sá fún un. Mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì irú ẹ̀ sókè rí, irin tín-ín-rín ni wọ́n fi mú ẹsẹ̀ ìjókòó mọ́ ilẹ̀, ó ti ń dógùn-ún lábẹ́, kò sí bẹ́líìtì kankan, èèyàn 18 ni wọ́n sì ń kó sórí ẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé Toyota fúnra wọn ló ṣe ìjókòó àti fèrèsé ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, owó ẹ̀ máa ju ti tọ̀hún lọ, ẹ san án.

Tó bá jẹ́ Sienna lẹ fẹ́ rà ṣá, tó sì jẹ́ 2007 sí 2010, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín wo páìpù ọ́ìlì VVT-i, ìyẹn ohun tó ń darí ìgbà tí fáàfù ń ṣí, lára ẹ́ńjìnì. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní rọ́bà láàárín, rọ́bà yẹn lè bẹ́ lójijì, ọ́ìlì á dà tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì lọ. Toyota ṣètò láti máa pààrọ̀ ẹ̀ sí irin lásán l'Ámẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tó wọ̀lú ni wọ́n ti ṣe. Tó bá jẹ́ 2011 sí 2016, ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń fi iná ṣí, torí ní 2016 wọ́n pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ padà l'Ámẹ́ríkà láti tún un ṣe nítorí pé ilẹ̀kùn yẹn lè ṣí lórí eré. Púlọ́ọ̀gì náà ńkọ́? Mẹ́fà ni, mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, èèyàn ò sì lè dé ti ẹ̀yìn láìtú nǹkan púpọ̀ kúrò lórí ẹ́ńjìnì, làwọn kan bá ń pààrọ̀ mẹ́ta iwájú tí wọ́n á gba owó mẹ́fà. Ẹ dúró tì wọ́n, ẹ gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ti gbó lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, ìdáhùn tí mo máa ń fún àwọn tó ń bi mí rèé. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn, Iléṣà, Ifẹ̀ lẹ fẹ́ máa ná, tẹ́ ẹ sì lè fọwọ́ sí i fún dírẹ́bà yín pé iye tó wà lára bébà ilẹ̀kùn yẹn nìkan ni kó gbé, kí owó dílífà sì bá a mu, ẹ ra Sienna. Tó bá jẹ́ Èkó tàbí Àbújá, tí àwọn oníṣòwò ẹlẹ́rù ló pọ̀ nínú èrò yín, ẹ fi Sienna sílẹ̀, ẹ fara da owó Hiace gidi.

Mo wá ń bẹ àwọn alága gáréèjì wa ní Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ orúkọ èrò máa wo bébà ilẹ̀kùn kó tó kọ ẹni ìkẹjọ. Ẹ̀yin èrò náà, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sún kí ẹni kẹrin jókòó, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó di oṣù Kẹjọ táwọn àlejò ọdún Ọ̀ṣun máa kún ìlú, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ki èèyàn mọ́nú Sienna jù.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì Toyota kan,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.