Àdùkẹ́, Fi Bàtà Funfun Yẹn Sílẹ̀

Àdùkẹ́ mi,

Ìyá rẹ ti fi àwòrán bàtà tí o fẹ́ rà hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó rẹwà, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàtà ni mo fi tọ́ ọ, òun náà ni mo fi rán ọ lọ sílé ìwé, nítorí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀: bàtà òde ìnáwó nìyẹn, kì í ṣe ti ìrìnàjò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sì di ẹsẹ̀ mú. Jẹ́ kó dúró de ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ.

Inú mi dùn sí ìrìnàjò náà o. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, kò sì sí ẹnì kan nínú ìdílé wa tó tíì dé Bràsíl. Ṣùgbọ́n o ní ẹsẹ̀ lẹ ó fi máa rìn kiri Salvador láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bàtà tí ẹsẹ̀ rẹ ti mọ̀ ni kí o wọ̀ lọ. Kánfáàsì aláwọ̀ eérú tí o fi ń dúró kọ́ àwọn ọmọ níwèé látàárọ̀, òun gan-an ni. O ti wọ̀ ọ́ pẹ́, kò sì bó ọ lẹ́sẹ̀ rí.

Wo bí ìlú náà ṣe rí. Apá kan wà létí òkun, apá kejì wà lórí òkè. Ibi tí ẹ̀rọ Elevador Lacerda ti ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láti ọdún 1873, nǹkan bíi mítà 72 ni gíga rẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má fi ẹsẹ̀ gun òkè náà nítorí fáàrí, ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bọ̀. Lókè ni Pelourinho wà, àdúgbò àtijọ́ tí àjọ UNESCO fi sára ohun ìní aráyé lọ́dún 1985. Òkúta ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà ibẹ̀, ọ̀nà náà sì dagun. Ọmọ Abẹ́òkúta ni ọ́, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kò ṣàjèjì sí ọ. Àlàfo àárín òkúta ni kí o ṣọ́ra fún, nítorí ibẹ̀ ni gìgísẹ̀ tó tín-ín-rín máa ń há sí, tí ọrùn ẹsẹ̀ á sì yẹ̀. Bí òjò bá tún rọ̀, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ awọ tàbí ike líle á máa yọ̀. Róbà rírọ̀ tó ní ilà ló ń di òkúta tútù mú.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí òkè ń fi bàtà ṣe, nítorí èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá bá lẹ́yìn ìrìnàjò. Bí èèyàn bá ń gòkè, gìgísẹ̀ rẹ̀ á máa yọ sókè nínú bàtà, á máa ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí tí awọ ẹsẹ̀ fi máa bó. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ á sún síwájú, ọmọ ìka á sì máa kọlu imú bàtà. Ibẹ̀ ni èékánná ti ń dúdú. Okùn bàtà ló ń wo méjèèjì. Yẹ kánfáàsì rẹ wò, wàá rí ihò kan lókè pátápátá, lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀, tí o kì í lò. Ki ẹnu okùn bọ ihò yẹn níhà kan náà, kó dà bí òrùka kékeré, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ níhà kejì. Wá ki okùn ọ̀tún bọ òrùka òsì, kí o ki ti òsì bọ òrùka ọ̀tún, fà á sísàlẹ̀ kó le dáadáa, kí o tó so ó. Gìgísẹ̀ á jókòó, kò ní yọ mọ́. Ibi ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ni kó le o. Jẹ́ kí iwájú dẹ̀, kí ọmọ ìka lè mí.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ ń já mi láyà jù ni ọjọ́ Bonfim. Mo mọ̀ pé tìtorí rẹ̀ lo ṣe mú oṣù kìn-ín-ní. Láti ìsàlẹ̀, níwájú ìjọ Conceição da Praia, ni wọ́n ti ń rìn lọ sí ìjọ Bonfim, nǹkan bíi kìlómítà 8, tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun á ru omi olóòórùn dídùn àti òdòdó lọ fọ àtẹ̀gùn ìjọ Bonfim náà. Obàtálá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn ní lọ́kàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìyẹn, ọ̀dà á ti gbóná, èrò á pọ̀ bí eṣú. Wọn á tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Bàtà tó bo ọmọ ìka ni o máa wọ̀, àní bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ bá wọ sálúbàtà. Bó bá jẹ́ pé dandan ni kí bàtà funfun bí aṣọ, ra kánfáàsì funfun nísinsìnyí, má dúró de ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbéra. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, kó o rí ibi tó ti fẹ́ bá ọ jà.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Mú ìbọ̀sẹ̀ tí o máa fi wọ̀ ọ́ dání. Dúró nínú rẹ̀, má jókòó, kí àyè tó tó àtàǹpàkò ọwọ́ kan ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ ló tóbi jù, òun ni kí o fi wọ̀n. Lẹ́yìn náà, mú imú àti ẹ̀yìn bàtà, kí o tẹ̀ ẹ́: bó bá ká ní ibi tí ọmọ ìka ti ń ká, ó dára, bó bá ká ní àárín gbùngbùn, dá a padà fún olówó ẹ̀. Má sì ra bàtà tókunbọ̀ nítorí pé ó dà bí tuntun. Èyí tó ti pẹ́ nínú páálí, fóòmù ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ti jẹrà láìhàn síta. Mo ti rí èyí tó fọ́ yángá lọ́wọ́ mi kí n tó fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Ìbọ̀sẹ̀ òwú nìkan máa ń mu òógùn sára ni, kì í tètè gbẹ. Wá èyí tí wọ́n da òwú mọ́ ọ̀rá. Ìṣẹ́jú tí o bá mọ̀ pé ibì kan ń gbóná lẹ́sẹ̀ rẹ ni kí o lẹ pílásítà mọ́ ọn, má sọ pé ó di òtẹ́ẹ̀lì. Bó bá ti wú tó gbomi, má fi abẹ́rẹ́ lu ú.

Nínú ọkọ̀ òfurufú, tú okùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ máa ń wú níbẹ̀. Sálúbàtà Havaianas tí o ń sọ, ìyẹn dára fún etí òkun àti ilé ìwẹ̀, ra tìrẹ, kí o ra ti ìyá rẹ mọ́ ọn. Kó o rántí pé bàtà tí àwa ń pè ní 40 níhìn-ín, 38 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára tiwọn.

Etí ìsàlẹ̀ kánfáàsì eérú náà ti ń ṣí lápá òsì. Mo rí i nígbà tí o wá gbẹ̀yìn, n kò kàn sọ̀rọ̀ ni. Fi rán awakọ̀ tó máa ń kó ẹrù ìyá rẹ wá láti Èkó, kí n lè rán an yíká, kí n sì pààrọ̀ fóòmù inú rẹ̀. Má fọ̀ ọ́ kí o tó fi ránṣẹ́, gọ́ọ̀mù kì í mú ohun tó tutù. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o ra ìborùn funfun bọ̀ fún òun.

Èmi ni,
Bàbá rẹ