Ẹ má fi 22 pín owó oṣù yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti di olùdámọ̀ràn aládàáni ni mo bá wá. Kì í sábà jẹ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ló ń já wọn kulẹ̀. Ìṣirò owó ni.

Ọ̀pọ̀ wọn á fi 22, iye ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n kà sínú oṣù kan, pín owó oṣù wọn, wọ́n á ní iye tí àwọn yóò máa gbà lóòjọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Nínú ọjọ́ 365, ẹ yọ Sátidé àti Sọ́ńdè 104, ó ku 261. Ẹ yọ nǹkan bí 31 fún ọlidé, ìsinmi àti àìsàn, ó ku 230. Wíwá oníbàárà, kíkọ ìwé àbá iṣẹ́ àti sísin gbèsè lè jẹ tó ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó ìyẹn. Ọjọ́ 138 ló kù tó ń mówó wọlé. Ẹni tó fi 22 pín ti ka ọjọ́ 264 sínú ọdún, nítorí náà ohun tó máa rí á kàn fi díẹ̀ ju ìdajì owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ.

Owó ìfẹ̀yìntì, ìtọ́jú ìlera, kọ̀ǹpútà àti dátà náà ti bọ́ sí i lọ́rùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọdún rẹ̀, kó rò ó pọ̀ mọ́ owó ọdún náà, kó wá fi 138 pín in. Iye tó máa bá níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn láti dárúkọ rẹ̀ fún oníbàárà. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́!

Owó náà kì í tètè wọlé. Iṣẹ́ oṣù kìíní, ìparí oṣù la máa kọ ìwé owó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá á ní kí á fún àwọn ní ọgbọ̀n ọjọ́, bí ẹni tó yẹ kó buwọ́ lù ú bá sì rìnrìn àjò, ó lè di ọgọ́ta. Kí owó àtijẹ oṣù mẹ́fà wà nílẹ̀ kéèyàn tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kó sì gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ṣáájú kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́.

Bí ìwé àdéhùn bá kàn ní "ẹ bá wa tún ètò ìṣúná wa ṣe", iṣẹ́ náà kò ní parí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "ìwé ìjábọ̀ kan, láàárín ọ̀sẹ̀ 6, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀gá ìṣúná nìkan ni yóò fọwọ́ sí i." Èyí tó bá lé, ìwé àti owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ tún ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ yín kà kẹ́ ẹ tó lọ. Òmíràn ní kẹ́ ẹ má bá oníbàárà ilé-iṣẹ́ ṣòwò fún sáà kan. Ilé-iṣẹ́ àtijọ́ lè di oníbàárà àkọ́kọ́, kò burú. Àmọ́ bó bá jẹ́ òun nìkan ṣoṣo, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn agbowó orí ṣì lè kà yín sí òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá oníbàárà kejì kí ọdún àkọ́kọ́ tó yípo.

Olùka ìwé ìròyìn yín