Kílíníìkì ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti ń pín Panadol

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó tò láti Ìkẹjà dé Ọ̀tà, Àgbárá àti Ṣàgámù ló mú wa kọ̀wé yìí. Púpọ̀ nínú wọn ló ti ní yàrá kan tí wọ́n kọ "Clinic" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ á wọlé, á ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á ka Panadol méjì lé e lọ́wọ́, á sì padà sídìí ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ kí orí náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Orí tó ń fọ́ ẹni tó ń fi ọ̀dà kun irin nínú yàrá tí kò ní fèrèsé kò jọ ti awakọ̀ fọ́kílíìfù tó ti ṣe iṣẹ́ òru mẹ́ta léra. Ríjísítà kílíníìkì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka tí aláìsàn wà, ọ̀wọ́ tó bá ṣiṣẹ́ (àárọ̀, ọ̀sán tàbí òru) àti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àìsàn náà mú un. Bí ẹni mẹ́rin láti ìdí ẹ̀rọ kan náà bá gbé irú ikọ́ kan náà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní oògùn ikọ́. Kí nọ́ọ̀sì dìde, kí òun àti ẹni tó ń bójú tó ààbò lọ wo ibẹ̀. Bó bá jẹ́ oògùn nìkan là ń fẹ́, kẹ́míìsì wà lẹ́nu géètì.

Ẹ wo ti ibà. Wẹ́dà tó bá gé irin tí wọ́n fi síǹkì bò, tó sì fa èéfín rẹ̀ símú, lè délé nírọ̀lẹ́ kí òtútù máa mú un, kí ara rẹ̀ gbóná, kí gbogbo oríkèé máa ro ó. Bó bá fi máa di ọjọ́ kan tàbí méjì, ó ti lọ. Wọ́n á ní ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n á fún un loògùn, ara á yá, oògùn á sì gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á tún padà wá. Atẹ́gùn tó ń fa èéfín jáde níbi iṣẹ́ ló nílò. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Àyẹ̀wò kíákíá náà kò le: ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín, omi inú ìgò kékeré iye ẹ̀kán tí páálí kọ, kí a sì dúró de ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì tó wá padà wò ó lẹ́yìn wákàtí kan lè rí ìlà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó tún máa ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́ ni ooru: wọ́n á to páálí rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ páànù gbígbóná, láì wo ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́, hóró 24 ni oògùn artemether-lumefantrine oní 20/120 mg fún àgbàlagbà: mẹ́rin lójú ẹsẹ̀, mẹ́rin lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà mẹ́rin láàárọ̀ àti mẹ́rin lálẹ́ fún ọjọ́ méjì sí i, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní epo. Kí ó gbé mẹ́rin àkọ́kọ́ mì lójú nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ á dúró lọ́jọ́ kejì tí ara bá ti fúyẹ́, wọ́n á tọ́jú ìyókù de ìyàwó. Bí àyẹ̀wò bá sì sọ pé kò sí ibà, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má ṣe sáré lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal kí wọ́n wá kéde tàífọ́ọ̀dù. Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè fìdí tàífọ́ọ̀dù múlẹ̀ nílùú tiwa yìí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Lọ́jọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún, ènìyàn 60 á tò sórí ìlà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àpò kalẹ̀ lórí ọkọ̀ á jókòó, wọ́n á wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lórí yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n á sì máa bi í ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù bí ẹ̀rọ ṣe ń fún un lápá. Ó gbé 158/96 jáde. Wọ́n kọ "ẹ̀jẹ̀ ríru" sí fáìlì rẹ̀, oorun ò sì kùn ún mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ó kọ́kọ́ lọ tọ̀, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá rẹ̀ wà ní ìhòòhò lórí tábìlì ní déédéé àyà, kí ẹnu wà ní dídì. Ẹni tó bá jẹ obì tàbí tó mu kọfí, kí ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Kí ilé-iṣẹ́ sì ra aṣọ ẹ̀rọ tó tóbi mọ́ èyí tí wọ́n ní, torí pé kékeré lára apá aláàárù máa ń gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ó bá ṣì wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Èyí tó bá dé 180/120 kò gbọ́dọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, dókítà ni kó rí.

Kò sí bí nọ́ọ̀sì ṣe lè ṣe gbogbo èyí bí yàrá rẹ̀ bá fara ti ilé jẹnẹrétọ̀, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa gbọ́ nínú ohun tó fi sétí. Ìsàlẹ̀ ilé ni kílíníìkì yẹ kó wà, níbi tí ọkọ̀ ti lè fi ẹ̀yìn wọ dé ẹnu ọ̀nà, kí omi ẹ̀rọ sì máa yọ níbẹ̀. A ti rí i tí wọ́n fi í sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì máníjà. Ta ni yóò gbé ẹni tó dákú gun àtẹ̀gùn?

Òfin ilé-iṣẹ́, ìyẹn Factories Act, ní kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, kí wọ́n fi òmíràn kún un fún ènìyàn 150 kọ̀ọ̀kan tó bá lé, kí ẹnìkan sì wà tí yóò máa mójú tó o ní gbogbo wákàtí iṣẹ́. Ohun tí a ń bá pàdé ni pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ sítókípà, sítókípà sì ti lọ sílé láago márùn-ún. Ní ti kẹ́míkà tó bá ta sójú, omi tó ń ṣàn ni fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ìpéǹpéjú wà ní ṣíṣí, kí a tó máa ronú ọkọ̀. Iná tó bá jóni, omi tútù ni fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa.

Ajẹsára náà ní wàhálà tirẹ̀. Láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ni ti tẹ́tánọ́ọ̀sì àti hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) gbọ́dọ̀ wà. Lọ́jọ́ Àìkú, ilé-iṣẹ́ á pa jẹnẹrétọ̀, fíríìjì á gbóná. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á yí i sí òpin kó lè tètè tutù, ajẹsára á sì dì. Èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́, bí ó tilẹ̀ yọ́ padà tí ojú rẹ̀ kò yàtọ̀. Ohun tó rọrùn jù ni kí ilé-iṣẹ́ má tọ́jú rẹ̀ rárá. Kí wọ́n bá ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nítòsí ṣàdéhùn ọjọ́ kan, kí wọ́n gbé e wá nínú kúlà, kí wọ́n gún gbogbo èèyàn, kí oníkálukú sì fi fóònù ya káàdì rẹ̀. Láìsí káàdì, gbogbo ìgbà tí irin bá gé ènìyàn ni wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Àyẹ̀wò etí, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni kó jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí etí ti sinmi kúrò nínú ariwo. Ẹni tí wọ́n bá fà kúrò nídìí ẹ̀rọ wá ṣe é yóò dà bí adití tí kì í ṣe.

Ibi tó ń dùn wá jù ni ti àwọn kásúà, àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀. Àwọn ló ń gbé àpò, àwọn ló ń wọ inú táǹkì lọ fọ̀ ọ́, síbẹ̀ nílé-iṣẹ́ mìíràn, orúkọ wọn kò sí ní kílíníìkì. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ka kásúà mọ́ òṣìṣẹ́. Ọjọ́ 14 ló fún ẹni tó fara pa láti sọ fún ọ̀gá, ọjọ́ 7 ló sì fún ọ̀gá láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀san náà, létí. Ríjísítà tí kò ní orúkọ kásúà ti gba ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo ìwé àṣẹ tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ kí ó tó lè wá sí kílíníìkì. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún "irú àìsàn" lórí rẹ̀ ló ń lé wọn sá. Ta ni yóò kọ àtọ̀sí tàbí jẹ̀díjẹ̀dí síbẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ kà á? Aago tó kúrò àti aago tó padà ti tó. Fáìlì ìlera kò sì gbọ́dọ̀ wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń gbani síṣẹ́; ohun tí wọ́n nílò ni pé lágbájá lè ṣe iṣẹ́ yìí tàbí kò lè ṣe é. Àyẹ̀wò HIV kí wọ́n tó gbani síṣẹ́, òfin ọdún 2014 ti kà á léèwọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké máa ń ní àwọn kò lágbára nọ́ọ̀sì. Bí mẹ́rin tó wà nínú ọgbà kan náà bá pawọ́ pọ̀, wọ́n á lè gba nọ́ọ̀sì ọ̀sán kan, nọ́ọ̀sì òru kan, àti dókítà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí wọ́n bá ilé-ìwòsàn ńlá kan tọwọ́ bọ̀wé ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láago méjì òru. Kí epo sì máa wà nínú ọkọ̀ tí yóò gbé e.

Àwa nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ méjì,
Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn.