Ta ni yóò bọ́ ọmọ tó ń kàwé ọ̀mọ̀wé?

Olóòtú,

Ní Kúbwà níbí, bí ọmọ bá ti gboyè nínú kẹ́mísírì tí iṣẹ́ ò yọjú, àwa òbí á ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ fún másítà. Ẹ̀kọ́ gíga ti wá di ibi tí wọ́n ti ń dúró de iṣẹ́!

Owó TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ẹ̀kọ́ gíga, fún ìwé ọ̀mọ̀wé, àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló wà fún. Ẹni tí ò níṣẹ́ á san tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì kún un: ti ọdún 2022, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá ni.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sáyẹ́ǹsì kọjá iṣẹ́ olùkọ́. Ilé ìwádìí oògùn NIPRD wà ní Ìdú níbí. Àwọn ni wọ́n mú àgbo ìdílé Yorùbá kan, tó ní iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà nínú, tí wọ́n sọ ọ́ di Niprisan, oògùn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti dé ibẹ̀ rí?

Kí àwọn yunifásítì agbègbè yìí jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣèwádìí níbẹ̀, kí ìjọba sì máa fún wọn lówó oúnjẹ lóṣooṣù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò tọ́ yín sọ́nà pé: ta ló ń ra kẹ́míkà, níbo sì làwọn tí ẹ ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́? Bó bá ń kùn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Òbí kan,
Kúbwà, Àbújá