Owó Oṣù Wo Ni Kí Ẹni Tó Ń Pààrọ̀ Iṣẹ́ Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Káàdì Kírẹ́díìtì?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó kan gbogbo ẹni tó ń fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti bọ́ sí òmíràn, tó sì ń wá káàdì kírẹ́díìtì láàárín àkókò náà. Àyè kan máa ń wà nínú fọ́ọ̀mù tí báńkì ń fún wa, níbi tí wọ́n ti ń béèrè iye owó tó ń wọlé fún wa. Ẹni tó ti ń gba owó oṣù kan náà láti ọdún mélòó kan kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ lè ní ìdáhùn mẹ́ta, kí gbogbo wọn sì jẹ́ òótọ́, nígbà tí fọ́ọ̀mù kò sọ èyí tó fẹ́ gbọ́ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan ṣàlàyé. Ká ní ẹnì kan ń gba 100 lóṣù níbi iṣẹ́ àtijọ́, tí yóò sì máa gba 130 níbi iṣẹ́ tuntun, irú owó yòówù kó jẹ́. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè iye tó ń wọlé fún un lọ́dún, ó lè kọ 1,200, nítorí pé ohun tó ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́ nìyẹn bí a bá ṣírò rẹ̀ fún oṣù 12. Ó lè kọ 1,560, nítorí pé iye tí iṣẹ́ tuntun yóò san fún un láàárín oṣù 12 nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé oṣù 8 ló ti lò níbi iṣẹ́ àtijọ́ lọ́dún náà, tí yóò sì lo oṣù 4 tó kù níbi tuntun, iye tí yóò wọ ọwọ́ rẹ̀ gan-an kí ọdún tó parí ni 1,320. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan nínú wọn. Síbẹ̀, báńkì tó ń retí ọ̀kan lè rí òmíràn, kó sì gbà pé ẹni náà fẹ́ lu òun ní jìbìtì. Mi ò tíì dárúkọ àwọn fọ́ọ̀mù tí kò sọ bóyá owó kí wọ́n tó yọ owó orí ni wọ́n ń béèrè tàbí èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́.

Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ló kó mi sí wàhálà. Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n lọ, ìwé ìgbanisíṣẹ́ ibi tuntun sì ti wà lọ́wọ́ mi, èmi àti àwọn tó gbà mí ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo ń kọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ ibi iṣẹ́ àtijọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ṣì ń jí lọ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù ibi tuntun ni mo kọ, nítorí pé mo mọ̀ pé òun ni n óò fi máa san gbèsè orí káàdì náà. Mi ò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Báńkì ní kí n mú ìwé owó oṣù mi wá, iye tó wà nínú rẹ̀ kò bá iye tí mo kọ mu, wọ́n sì kọ̀ láti fún mi ní káàdì. Mo lè fara da àìrí káàdì náà gbà. Ohun tó dùn mí títí di òní ni pé òṣìṣẹ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ń fi ohùn ẹni tó mú olè bá mi sọ̀rọ̀, àti pé nígbà tí mo ní mo lè fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi ránṣẹ́, ó ní wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ mi.

Mo gbà pé ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Orúkọ agbanisíṣẹ́ àti iye owó tí a kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ibì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ owó tuntun gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ibi tuntun, kó sì wá ibi tí yóò kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ orúkọ ibi àtijọ́ ló kọ, owó àtijọ́ ni kó tẹ̀ lé e. Kí ẹnikẹ́ni má sì ro owó méjèèjì pọ̀, bí ẹni pé yóò máa gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan ń sọ pé owó tí kò tíì dé ọwọ́ ẹni kò gbọdọ̀ fara hàn lórí fọ́ọ̀mù rárá. Ó kéré tán, òfin Amẹ́ríkà kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí lórí káàdì kírẹ́díìtì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009 pàṣẹ pé kí báńkì tó fún ẹnikẹ́ni ní káàdì, tàbí kó tó fi kún iye tó lè ná lórí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wò ó bóyá agbára ẹni náà ká owó tí yóò máa san padà lóṣooṣù. Ìlànà tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé òfin náà gba báńkì láyè láti ka owó tó ń wọlé lọ́wọ́lọ́wọ́ àti owó tí ìdí gúnmọ́ wà láti máa retí, owó oṣù sì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2013, CFPB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà báńkì, tún ìlànà náà ṣe kí ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 lè kọ owó ẹlòmíràn tí ìdí wà láti gbà pé ọwọ́ tirẹ̀ náà tó, irú bí owó tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ń mú wọlé, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó wà láàárín iṣẹ́ méjì. Nítorí náà, ẹni tó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti iye owó wà nínú rẹ̀ ní ohun tó lè dì mú. Ẹni tí wọ́n kàn fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tí wọ́n sì sọ fún pé yóò gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́, kò tíì ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n òfin kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ purọ́ fún báńkì kó lè rí owó yá lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó 30 ọdún jura tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni òpin ìyà tí òfin jìbìtì ọdún 2006 là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀ lójú mi ni mọ̀-ọ́n-mọ̀. Àṣìṣe ẹni tí ìbéèrè kò yé àti irọ́ ẹni tó sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì kí wọ́n lè yá a ní púpọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, kò sì yẹ kí òṣìṣẹ́ báńkì máa fi ohùn kan náà bá àwọn méjèèjì wí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, bí ọmọ ìyá mi bá bi mí léèrè, n óò sọ fún un pé kó ní sùúrù títí owó oṣù àkọ́kọ́ níbi tuntun yóò fi wọ àkáǹtì rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbójú lógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Òótọ́ ni pé ìwé ìgbanisíṣẹ́ lágbára ju ogún lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ síwájú, wọ́n sì lè dá ẹni dúró kí àkókò ìdánwò tó parí, bẹ́ẹ̀ èlé orí káàdì kò ní dúró dè é. Bí kò bá lè dúró, kó kọ owó àtijọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń san án fún un. Ẹni tó ti kúrò níbi àtijọ́ pátápátá, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ níbi tuntun, kò gbọdọ̀ kọ owó àtijọ́ mọ́, nítorí owó yẹn ti tán. Owó tí wọ́n san fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó ń lọ kì í ṣe owó oṣù. Owó àfikún iṣẹ́ àti ajẹmọ́nú tí agbanisíṣẹ́ tuntun ṣèlérí, tí kò tíì san rí, kò yẹ lórí fọ́ọ̀mù náà.

Àwọn báńkì ni mo fẹ́ bẹ̀ báyìí. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé owó tí ẹni náà ń gbà ní ọjọ́ tó fọwọ́ sí i ni àwọn ń béèrè, kí wọ́n sì fi àyè kan sí i fún ẹni tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ láti kọ orúkọ ibi tuntun, iye owó ibẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Bí iye méjì kò bá sì bára mu, kí wọ́n béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ kí wọ́n tó kọ ẹni náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti fún ẹni tí wọ́n kọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí rẹ̀, báńkì sì gbọ́dọ̀ fún un lésì láàárín 30 ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ti pé. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fi ìwé béèrè ìdí náà, kí ó má gba ti ẹnu lórí fóònù bí èmi ti gbà á.

Bí òǹkàwé yín kan bá ti rí fọ́ọ̀mù tó ní irú àyè bẹ́ẹ̀, inú mi yóò dùn bó bá lè kọ̀wé sí yín láti sọ bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín