Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Tán Ná

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ kú òjò yìí náà.

Òwe 18:13 ni mò ń bá wọ̀yá ìjà láti ọjọ́ Túsìdeè. Ó ní ẹni tó bá fèsì ọ̀rọ̀ kó tó gbọ́, ìwà òmùgọ̀ ni, ìtìjú ni fún un. Kó tó gbọ́. Ẹ má jẹ́ ká sáré kọjá níbẹ̀ o, Bíbélì ò sọ pé onítọ̀hún parọ́, ó lè jẹ́ òótọ́ ló rí, àmọ́ ìdajì ẹ̀ ló rí, ó sì ti lanu. Ẹ tún sún sí ẹsẹ 17: ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ ló máa ń dà bíi pé ó jàre, títí ẹnì kejì á fi dé. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà, ohun táwọn bàbá wa náà sọ nìyẹn.

Ẹ rántí òkúta ojú ọ̀run táwọn èèyàn pariwo ẹ̀ ní 2025? 2024 YR4 ni wọ́n ń pè é, bíi mítà 60 ni, bíi ọdún mẹ́rin ló fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 27 Dìsẹ́ńbà 2024 ni awò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run kan ní Chile rí i, ó sì ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó ti ń lọ. Díẹ̀ báyìí làwọn onímọ̀ ojú ọ̀run rí nínú ọ̀nà ẹ̀, ìyẹn ò tó láti sọ ibi tó máa wà ní 22 Dìsẹ́ńbà 2032. Wọ́n ní ó lè kọlu ayé, Èkó wa yìí sì wà nínú ibi tó lè bọ́ sí. Nígbà tó fi máa di 18 Fẹ́búárì, bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ó máa kọlu ayé ti tó 3.1 nínú 100.

Ibi tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara nìyí: bí wọ́n ṣe ń wò ó sí i ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń burú sí i. Ibi tí òkúta yẹn lè gbà ń dín kù, ayé ṣì wà láàárín ẹ̀, ni ìpín ayé bá ń tóbi. Wọn ò torí ẹ̀ kásẹ̀ ẹjọ́ nílẹ̀, wọ́n ṣáà ń wò, ibẹ̀ tún dín kù, ayé bọ́ síta, tó fi máa di 24 Fẹ́búárì kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mọ́. Wọ́n sì jáde wá sọ ìyẹn náà fún gbogbo ayé.

Ẹ̀yin ń kọ́? Ẹ gbọ́ fóìsì nóòtù kan tó fẹ̀sùn kan ẹnì kan láàárín wa, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti dé Sábó, ó ti dé Igbógbó. Ta lẹ bi? Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè níbi Bíbélì sítọ́dì, mo rí àwọn tó gbé àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà, ojú mi ló ṣe. Ọmọ Jésù lẹ pera yín? Tó bá jẹ̀bi, àwọn àgbà ìjọ á gbọ́ tọ̀tún-tòsì, wọ́n á sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti fi nǹkan yẹn ránṣẹ́, kó padà sí gúrúùpù kan náà lónìí, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò tíì gbọ́ tẹnu ẹnì kejì.

Ẹ má bínú pé mo le mọ́ yín. Ẹ̀yin náà lẹ gbé ìkòkò ìrẹsì lórí lọ sílé àwọn ará wa tí omi òjò wọlé wọn, mo mọ ọkàn yín. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yẹn. Ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ jókòó, ẹ má bèèrè nǹkan kan. Olúwa á bùkún yín.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: ìpàdé àwọn ìyá ti di Sátidé, aago mẹ́rin. Owó díísù jẹnẹrétọ̀ ò tíì pé o. Kọ́ọ̀yà, Fúráìdeè ni rìhẹ́sà. Agboorun dúdú kan wà lọ́dọ̀ àwọn ọ́ṣà, ẹni tó ni ín kó wá gbà á.