Ìbéèrè ọkọ mi kékeré nípa ọ̀pọ̀lọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti délé láyọ̀. Oúnjẹ Ìrékọjá, àjọ̀dún àwa Júù, tí o sè dùn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló wà ní ọkàn mi láti alẹ́ ọjọ́ náà, n kò fẹ́ sọ ọ́ lójú àlejò.

Nígbà tí a ń ka ìyọnu mẹ́wàá tí Ọlọ́run mú wá sórí Íjíbítì, tí à ń ti ìka bọ wáìnì, tí à ń kán an sórí àwo, ọkọ mi kékeré, ọmọ rẹ, bi wá pé, "Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe?" Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, o sì ní kó panu mọ́. Mo rí ojú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà kò ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Ìwé Ẹ́kísódù fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà kú, wọ́n kó wọn jọ ní òkìtì òkìtì, ilẹ̀ sì ń rùn. Bàbá rẹ ló kọ́ mi pé a ń dín wáìnì wa kù nítorí pé ẹlòmíràn jìyà kí àwa tó gba òmìnira. Ohun tí à ń fi ìka ṣe gan-an ni ọmọ náà fẹnu bi wá.

Nílé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú, ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ìwà yẹn ni mo gbé wọ ilé ọkọ, kódà lẹ́yìn tí mo gba ẹ̀sìn Júù. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, a ń jẹun alẹ́ Ṣábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wa, ní Golders Green ní Lọ́ńdọ̀nù, o béèrè bóyá màlúù fúnra rẹ̀ kì í ṣe kóṣà, ìyẹn oúnjẹ tí òfin Júù fàyè gbà, torí wàrà àti ẹran jọ wà lára rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. O sá wọ abẹ́ tábìlì. Màmá bàbá rẹ ni wọ́n kúnlẹ̀ bá ọ níbẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, tí wọ́n dá ọ lóhùn: òfin ní kí a má bọ ọmọ ewúrẹ́ nínú wàrà ìyá rẹ̀, ìkòkò wa ló ń bá wí, kò kan màlúù. O jáde, o jẹun.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀. O ní ká bu omi sí ife Èlíjà, ife wáìnì tí à ń gbé kalẹ̀ de wòlíì náà lálẹ́ Ìrékọjá, torí ó ti mu wáìnì ní gbogbo ilé àdúgbò wa, kó má baà ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

Rẹ́rìn-ín, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ṣebí lálẹ́ Ìrékọjá, ẹni tó kéré jù là ń retí kó béèrè ìbéèrè mẹ́rin nípa ohun tó mú alẹ́ náà yàtọ̀? Bí a bá ń pa á lẹ́nu mọ́ lórí èyí tó ti inú rẹ̀ wá, mẹ́rin yẹn yóò di àkọ́sórí lásán.

Ní Fúráìdé, tí o bá tan àbẹ́là tán, gbé e lé itan, kí o padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Ibi tí o kò bá mọ̀, ẹ jọ bi rábì yín. O kò lè kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ṣábáàtì, nítorí náà fi sínú títí ìràwọ̀ mẹ́ta yóò fi yọ lálẹ́ Sátidé, tí Ṣábáàtì bá parí, kí o wá pè mí. Mo máa jókòó ti fóònù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ